Má-kánjú àti Iṣan Ẹ̀yìn Itan Ọmọ Rẹ̀

Ẹ ò rí ayé bí! Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá, "Má-kánjú" ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Bí ọmọ kan bá dé orí pápá tó fẹ́ bẹ́ eré sí i láìtíì na ara, "Má kánjú" ni yóò fi kí i káàbọ̀. Síbẹ̀, kò sí ilé ìwé kan ládùúgbò tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì fi sẹ́yìn rí.

Obìnrin náà mọ ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó ṣíwájú ni àwọn olùkọ́ yòókù máa ń wò. Ẹ̀yìn itan ni tirẹ̀. "Ẹ gbọ́," a máa ní, "bí ẹsẹ̀ yín bá ń fò lọ síwájú, tí kò tíì kanlẹ̀, iṣan ẹ̀yìn itan yìí ló ń dá a dúró. Bíréèkì ni. Ó ń nà, ó sì tún ń fà padà. Ibẹ̀ ló ti ń já." Ìdí nìyí tó fi ń mú kí wọ́n kúnlẹ̀ lórí ẹní, kí ẹnì kan di ọrùn ẹsẹ̀ wọn mú, kí wọ́n wá máa fi àyà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ a máa ráhùn pé ṣé eré làwọn wá sá ni àbí àforíjì làwọn wá tọrọ.

Ọmọbìnrin tirẹ̀ ló yára jù nínú wọn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi ìdíje mú àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè, nǹkan ta pọ́ lẹ́yìn itan òsì rẹ̀ bó ṣe ń sáré lọ́wọ́. Ó sinmi, ìrora lọ. Ló bá ń gun àtẹ̀gùn ilé lọ sókè sódò, ó ń jó níwájú dígí: "Màámi, ẹ wò ó, ó ti san!"

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Má-kánjú tẹ́ ẹní.

"Kúnlẹ̀."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, lónìí kọ́."

"Kúnlẹ̀, ọmọ mi."

Kò tíì lọ sílẹ̀ dé ìdajì tí ẹsẹ̀ òsì fi jù ú sílẹ̀, ó fi ọwọ́ gbalẹ̀, gbàà!

"Kò dùn mí o!"

"Mo mọ̀ pé kò dùn ẹ́. Ìrora ti lọ, okun ni kò tíì dé. Tó bá já lónìí, ó lè má san bó ṣe yẹ mọ́ láéláé."

Ó lọ bá àwọn adájọ́ ìdíje, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ òun. Ó dùn ún wọra. Ìyá wo ni kò ní dùn?

Ọmọ bínú, kò ṣeé máa wí. "Ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ọwọ́ ara rẹ̀ ni Má-kánjú fi ba ti ọmọ rẹ̀ jẹ́. Obìnrin yìí láyà! Ó ń tẹ́ ẹní láràárọ̀, ọmọ ń fajú ro, ó sì ń ṣe é, títí okun fi padà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ sáré, ó ṣe ipò kejì, wọ́n sì mú un. Ariwo sọ. Ó la àárín èrò kọjá, ó di ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?" ni ìyá bi í.

"Koko ló le, Màámi. Ẹ má bínú sí mi."

Má-kánjú bú sẹ́kún, ó gbá ọmọ mọ́ra. "Ọmọ mi, ojoojúmọ́ lẹ̀rù ń bà mí pé bóyá àṣìṣe ni mo ṣe."