Ìlara Nọ́ọ̀sì Dulamjav

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń dáná sítóòfù ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú wa, létí aṣálẹ̀ Gobi. Ẹni tó bá ń kó eérú láràárọ̀, kò sí ohun tí kò ní gbọ́. Ojú mi ni gbogbo èyí ṣe.

Dulamjav, nọ́ọ̀sì wa, ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Òun ló gbẹ̀bí fún ìdajì ìlú, òun náà ló sì ń wẹ òkú àwọn tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gún pa. Látìgbà tí wọ́n ti gún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pa ló ti ń fi gègé pupa sàmì sí ọjọ́ ikú kọ̀ọ̀kan lórí kàlẹ́ńdà. Ọdún mẹ́fà, òkú mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan ó pè mí.

"Sodnom, wá wò ó. Méje nínú wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn darandaran ń wá ta irun ewúrẹ́, tí owó wà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n kú. Ọ̀rẹ́ ara wọn ló gún wọn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọtí, pẹ̀lú ọ̀bẹ tí wọ́n ń fi há ìbàdí."

"Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?"

"Kí wọ́n má ta ọtí líle ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kí wọ́n sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọ̀lú. Ṣé ìyẹn náà le ni? Àmọ́ ta ló máa gbọ́ ti nọ́ọ̀sì?"

Ìgbà náà ni Dókítà Oyundari dé láti Ulaanbaatar, olú ìlú wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan tí àwọn ìyá àgbà ti ń gbé wàrà gbígbẹ wá fún un, tí wọ́n á sì kọjá níwájú Dulamjav bí ẹni pé àga ló wà níbẹ̀.

"Ìyá yẹn," Dulamjav ń kùn sí mi létí, "orúnkún ẹ̀ ni mo tọ́jú fọ́dún mẹ́fà. Kò fún mi ní ègé kan rí."

Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan tí yìnyín sé wa mọ́lé, ó fi kàlẹ́ńdà náà han dókítà.

"Ẹ̀gbọ́n!" Oyundari dìde dúró. "Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín yìí?"

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tẹ́ bébà ńlá aláwọ̀ mèremère síwájú ìgbìmọ̀ ìlú. "A ti ṣàkíyèsí," ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, alága ìlú ní, "Dókítà wa, orí yín pé!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dulamjav náà pàtẹ́wọ́, orí ìka nìkan ló ń fi kan ara wọn.

"Àwa wo?" ó bi mí bí a ṣe ń lọ sílé. "Ṣé òun ló bá mi wẹ àbúrò mi ni?"

Ìgbìmọ̀ ní kí dókítà lọ bá Luvsan, oníṣọ́ọ̀bù ọtí, sọ̀rọ̀. Luvsan fi í rẹ́rìn-ín. "Dókítà kékeré, ẹ lọ mu tíì yín, kó má tutù." Oyundari padà wá bẹ Dulamjav.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí ọmọ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò lè sọ pé rárá fún yín."

"Háà, ẹ̀yin ni dókítà. Nọ́ọ̀sì lásán ni mí. Ẹ fi bébà aláràbarà yín hàn án."

Lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe ń fọ abẹ́rẹ́ ló ń kọrin.

Ìgbà ìrúwé dé. Ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta irun, lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbé Tömörkhuyag wọlé, darandaran ọmọ ọdún méjìlélógún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gún un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Luvsan, lórí ìjà ta ló dá ta nínú ìjàkadì. Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì. Ó kú. Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ké. Dulamjav nìkan ló wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi nídìí iná.

"Inú mi dùn lọ́jọ́ tí Luvsan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Sodnom, ṣé o gbọ́? Inú mi dùn."

Mo ti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí a fi ń dáná sínú iná.

Dulamjav kò bọ́ aṣọ rẹ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù Luvsan lọ, mo tẹ̀ lé e.

"Luvsan, ti ilẹ̀kùn yìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ọjà ṣì ń—"

"Ọmọ rẹ kejì tí okùn ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn nígbà ìbí, ta ló mí sí i lẹ́nu? Mo ní kí o tì í!"

Ó tì í. Láti ọjọ́ kejì, Dulamjav gbé àpótí onírin jókòó sójú ọ̀nà tí alùpùpù ń gbà wọ̀lú, ó ń gba ọ̀bẹ.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ fi dúńbú ewúrẹ́ ni?" ọmọkùnrin kan fi í ṣẹ̀sín.

"Ahọ́n rẹ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Mú un wá!"

Ọdún yẹn àti ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tí wọ́n tún gún pa ní àsìkò irun.

Àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ fi àmì ẹ̀yẹ dá Oyundari lọ́lá nítorí rẹ̀. A gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò: "Ẹ̀gbọ́n mi Dulamjav ló kọ́kọ́ rí i." Mo yíjú sí Dulamjav, mo rò pé á rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe sáré pe orúkọ mi?" ló wí. "Bí ẹni ń dárúkọ awakọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ó kúkú pè é."

"Ó pè é. Ọmọ dáadáa ni. Ìlara rẹ̀ ṣì ń jẹ mí, n kò ní purọ́ fún ọ." Ó pa rédíò, ó sì ní kí n fi ìgbẹ́ gbígbẹ kún iná, torí obìnrin kan ń rọbí nínú yàrá kejì.