Àtẹ́lẹwọ́ tí Táìlì Bò Lára Ilé Aago

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò ní gbàgbé Sátidé tí ọ̀kan nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ṣí ilé gogoro aago àdúgbò wa tí wọ́n ní àwọn tún ṣe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ láyé àtijọ́, àwọn obìnrin àdúgbò ló ru yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ó ga ju gbogbo òrùlé lọ. Kí sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ, obìnrin kọ̀ọ̀kan tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá ìyá mi wà lára wọn.

Nígbà tí wọ́n ká aṣọ kúrò, táìlì funfun ló yí ìsàlẹ̀ náà ká, orúkọ ẹgbẹ́ sì ń dán lára rẹ̀.

“Ọwọ́ ìyá mi dà?” ni ìyá mi bèèrè.

Alága ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. “Màmá, ògiri yẹn ti dọ̀tí. Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹgbẹ́ tó ṣáájú wa máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

Mo ní kí bíríkìlà wọn yọ táìlì kan níbi tí ọwọ́ ìyá ìyá mi wà. Bó ti yọ ọ́ ni sìmẹ́ǹtì ara ògiri bá a ṣí, àtẹ́lẹwọ́ náà sì fọ́ sílẹ̀ bí èèpo ẹyin. Ìyá mi ṣa àfọ́kù rẹ̀ sínú gèlè wọn.

Ẹ má pe ìyẹn ní ẹ̀bùn fún ìlú. Ẹni tó bo ọwọ́ àwọn tó kọ́lé kí orúkọ tirẹ̀ lè hàn, olè ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún alága lójú gbogbo ènìyàn. Ìyá mi, tí wọ́n kọ́ mi láti máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, kò dá mi lẹ́kun.