Ẹnu Tuntun fún Sitóòfù Òyìnbó

Ọláníyì ará Erunmu kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mo jẹ̀bi" ni, àìsàn yẹn kò sì kéré.

Nígbà tí ara ṣì le, òun àti Josiah ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ oko. Láti Ìrókò títí dé Akanran ni wọ́n ti ń bu erùpẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni wọ́n sì ń sùn. Sitóòfù kékeré kan wà lọ́wọ́ òyìnbó náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé ká, orí agolo gáàsì ló sì ń jókòó sí. Láràárọ̀, Josiah á tàn án, Ọláníyì á po tíì. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé, ó ní àwọn méjèèjì ni òun fún.

Ilé Ọláníyì ni sitóòfù náà wà nígbà tí irú agolo rẹ̀ tán lọ́jà. Ní ọjọ́ kan tí àwọn àna Josiah wà níbẹ̀, Josiah ní, "Níyì, oríṣi agolo gáàsì mìíràn ṣì wà lọ́jà. Ẹnu wọn ni kò bára mu. Jẹ́ ká wá ẹni tó máa gbẹ́ ẹnu tuntun sí i."

Ọláníyì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ẹnjiníà tí ìṣirò ń lé kiri ní ìwé mẹ́fà!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn àna pàápàá rẹ́rìn-ín. Josiah mú fìlà rẹ̀, kò sì tẹsẹ̀ bọ ilé náà mọ́. Ìyàwó Ọláníyì ní, "Bàbá Adémidé, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́." Ó ní, "Kò síbi tó ń lọ, á padà wá." Ọdún gorí ọdún, Josiah kò wá.

Lọ́dún yìí, Ọláníyì rí agolo gáàsì gígùn kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó rà á, ó gbé e pẹ̀lú sitóòfù lọ bá Rilwan tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Rilwan fi idẹ gbẹ́ ẹnu kékeré kan: apá kan di agolo mú, apá kejì gba sitóòfù. Ó fi rọ́bà há a láàárín, ó fi omi ọṣẹ pa á láti wò bóyá á hó, kó lè mọ̀ bí gáàsì bá ń jò. Kò hó. Ó ṣá iná sí i, iná aláwọ̀ búlúù sì ń dún ṣìì.

Ọláníyì wá ibì kan jókòó.

"Ṣé kò dáa ni, bàbá?"

"Ó dáa. Dídáa rẹ̀ gan-an ló ń dùn mí."

Iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan péré ni! Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ó wọkọ̀ lọ sí Akanran, níbi tí Josiah ń gbé. Kifayah, ìyàwó ọmọ Josiah, kúnlẹ̀ kí i, ó sì rọra sọ fún un pé, "Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ dá èèyàn mọ̀ mọ́ o, sà."

"Josiah, èmi ni, Níyì. Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo wá tọrọ àforíjì."

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Josiah wí, ó sì ń wo ojú ọ̀nà.

Ọláníyì yọ sitóòfù náà nínú àpò. Ó tò ó sórí tábìlì, ó tàn án. Bó ṣe dún ṣìì báyìí, Josiah yíjú padà, ojú rẹ̀ là. Ó na ọwọ́, ó dín iná náà kù díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lóko. Inú Ọláníyì dùn bó ṣe ń po tíì sínú ife méjì. Ó gbé ọ̀kan fún un.

Josiah gbà á, ṣùgbọ́n kò mu ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tíì mu. Ẹ jẹ́ ká dúró de Níyì. Erùpẹ̀ ló lọ bù, kò ní pẹ́ dé."

Ọláníyì gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ojú ọ̀nà.