Lẹ́tà Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Sára Ògiri Ìdúpẹ́

Kí wọ́n tó gbé Bàbá Ẹ̀rín lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó bá rẹ́rìn-ín nílé rẹ̀, ajá tó wà ní òpópónà kẹta á gbó. Àwọn ará òkè ilé kì í ra aago. Bí bàbá bá ti rẹ́rìn-ín àkọ́kọ́ láàárọ̀, aago mẹ́fà ti lù nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Télọ̀, kì í fi bò pé ẹ̀rín yẹn lòun tẹ̀ lé wọ ilé ọkọ.

"Ọkùnrin mẹ́ta ló ń wá mi nígbà náà," á wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kúrò lórí maṣíìnì. "Ọ̀kan lówó, ọ̀kan lẹ́wà, ẹ̀kẹta lẹ́nu. Ẹlẹ́nu ni mo mú."

Ìpá ló gbé bàbá dé ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì ní kí ó yọ eyín àfisí rẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀. Ó yọ ọ́, wọ́n fi bébà ìnuwọ́ wé e, wọ́n gbé e sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Àmọ́ irú agbálẹ̀ tí ìmọ́tótó ń gùn bí èṣù ló gbá wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà. Ó rí bébà tó rún, ó dà á nù. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, ọkọ̀ akólẹ̀ ti lọ, eyín ti bá a lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ohun tó pani lẹ́rìn-ín bá ṣẹlẹ̀, Bàbá Ẹ̀rín á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ á mì lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ilé wá dákẹ́ débi pé Ìyá Télọ̀ ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ronú. Nígbà mìíràn á dá maṣíìnì dúró, á tẹ́tí sọ́nà yàrá, bí ẹni tó ń retí àlejò tó ti wọkọ̀ láti èṣí.

Aládùúgbò kan tó mọ̀wé ló là á lóye: "Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn fúnra wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí wọn ò fèsì, ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn."

Ìyá Télọ̀ kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ ni, kì í wọ ilé onílé láìkí wọn. Ojú ewé kìíní, ó kí dókítà, ó kí àwọn nọ́ọ̀sì, ó kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì àti ìyá tó bí i. Ojú ewé kejì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọ̀bẹ ò ṣìnà. Ojú ewé kẹta, ó gbàdúrà pé kí òrùlé ilé ìwòsàn má jò láéláé. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí bébà ti fẹ́ tán, ló ti kọ ọ́ pé: "Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé o. Bí ẹ bá rí eyín bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mójú tó o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí èsì. Ó gbé ẹ̀dà tí wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ sí lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Akọ̀wé kan, ọmọbìnrin tó fi báírò há irun, ló gbà á, ó ka ojú ewé kìíní, ó gbójú sókè.

"Mama, ìwé ìdúpẹ́ kọ́ là ń gbà níbí o."

"Ẹ̀sùn ni, ọmọ mi."

"Ẹ̀sùn dà níbẹ̀?"

"Ṣáà kà á dé ìsàlẹ̀."

Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó pe ilé ìwòsàn lórí fóònù. Ó gbọ́ wọn títí, ó pa ètè pọ̀ kó má bàa bú sẹ́rìn-ín.

"Mama, wọ́n ní àwọn mọ lẹ́tà yẹn dáadáa. Ó wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń kọ́ ìwé ìdúpẹ́ sí. Wọ́n ní irú ẹ̀ ò tíì wọlé rí. Àwọn nọ́ọ̀sì ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀."

"Wọ́n fi fúrémù sí i?"

"Onígíláàsì, mà."

Inú Ìyá Télọ̀ fẹ́ẹ̀ dùn, kó tó rántí ohun tó gbé e wá.

Akọ̀wé náà na fọ́ọ̀mù sí i. "Ẹ wò ó, ẹni tó bá ń ké ìbòsí olè kì í kọ́kọ́ kí olè. Ọjọ́ wo ni? Wọ́ọ̀dù wo? Bẹ́ẹ̀dì wo? Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́? Kí ló sọnù? Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Kẹ́ ẹ so ẹ̀dà olóǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ó tán."

"Mi ò ní kí wọn rárá?"

"Rárá, mà."

"'Ẹ kú iṣẹ́' lásán ńkọ́?"

"Mama!"

Nírọ̀lẹ́, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì ìgéṣọ, ó sì ròyìn fún ọkọ rẹ̀.

"Fúrémù?" ni Bàbá Ẹ̀rín bi í.

"Onígíláàsì."

"Tòun ti àdúrà òrùlé?"

"Tòun ti ìyá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì."

Èjìká bàbá mì lẹ́ẹ̀kan. Ó mì lẹ́ẹ̀kejì. Nǹkan kan tú jáde lẹ́yìn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí omi híhó bá ń ti ìdérí ìkòkò. Ìyá Télọ̀ ò mí.

"Bàbáa wọn, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu. Èmi nìkan ló wà níbí."

Ó mi orí. "Ìwọ gan-an ni mi ò fẹ́ kó rí i." Ìró náà sì rọlẹ̀.

Ará òkè ilé yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá Télọ̀! Ṣé aago ti lù ni?"

"Kò tíì lù o," ló fi dá a lóhùn.

Ó fa báírò yọ. Ó kọ ọjọ́, ó kọ wọ́ọ̀dù, ó kọ bẹ́ẹ̀dì. Kò kí ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń yún un. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fẹ́, ó ronú pẹ́, ó wá kọ ọ́ pé: "Kí ẹ ṣe eyín mìíràn fún ọkọ mi, kí ó lè gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu."

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé tẹ òǹtẹ̀ sí i gbàà, ó ní kí ó máa retí ìpè. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lábẹ́ ìdérí maṣíìnì báyìí. Láràárọ̀, kí aago mẹ́fà tó lù, Ìyá Télọ̀ á ti jókòó síbẹ̀, òwú á ti wọ abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà lórí ìtẹ̀. Kì í tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ́tí bóyá ẹ̀rín á dún.