Obìnrin Tí Ó Dá Bọ́ọ̀sì Àbúrò Rẹ̀ Dúró

Etí títì tó wà láàárín ilé ìkàwé àti ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nínú ọgbà yunifásítì ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kọjá, á na pátákó pupa sókè kí ọkọ̀ lè dúró. Ìyá Dúró ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Akẹ́kọ̀ọ́ á ki ẹ̀rọ orin bọ etí, á tẹjú mọ́ fóònù, á sì bọ́ sójú títì bí ẹni tó wà ní yàrá ìyá rẹ̀. Awakọ̀ pẹ̀lú á rí pátákó tán, á tún sáré sí i.

"Ọmọ mi, gbójú sókè! Ojú la fi ń rí ọkọ̀, a kì í fi àtàǹpàkò rí i."

Ẹnì kan ṣoṣo ni apá rẹ̀ kò ká: àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́. Ìyá Dúró fúnra rẹ̀ ló bẹ ọ̀gá àwọn awakọ̀ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Bí àbúrò yìí bá rí pátákó lókè, kò ní dúró. Á fun fèrè, á yọrí lójú fèrèsé, á rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó ti kọjá lọ nìyẹn.

"Ìkíni kì í ṣe bíréèkì," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un nílé. "Kí ló dé tí o kì í dúró?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ará ìta lẹ ń gbé pátákó fún. Àbí èmi náà ti di àjèjì ni?"

Ó bá a wí títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Etí ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, etí òsì ló ń gbà jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan dúró jẹ́ẹ́ títí pátákó fi gòkè, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. Bọ́ọ̀sì náà dé tòun ti fèrè. Ìyá Dúró fa ọmọ náà láṣọ sẹ́yìn. Dígí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì gbá ìwé ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó ń ṣa ìwé rẹ̀. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bọ̀, Mà?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ìyá Dúró lọ́kàn. Gbogbo alágídí tí òun ń pariwo mọ́ ń lọ láyọ̀. Ẹni tó gbọ́ràn ni ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì ń padà bọ̀, àárín títì ni Ìyá Dúró lọ dúró sí. Táyà ké, àwọn èrò ya lu ara wọn.

"Ẹ fẹ́ kú ni?" ni àbúrò rẹ̀ kígbe.

"Sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dójú tì mí lójú èrò."

"Ojú ló ń tì ọ́? Ọmọ tí o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ńkọ́?"

Ó kọrí sọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn awakọ̀. "Èmi ni mo bẹ̀ yín kí ẹ gbà á. Èmi náà ni mo ní kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n ní kí àbúrò rẹ̀ máa fọ bọ́ọ̀sì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá wọn ti pè. "Ìwọ lo já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ ìyá rẹ?"

"Màmá, bí oúnjẹ bá bọ́, a ó wá òmíràn. Ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Níbo la ó ti wá a?"

Ìyá wọn pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá sí etí títì náà, ó gbé korobá dání. Kò kí i. Ojú ọ̀run ló ń wò. Ìyá Dúró na pátákó sókè, àwọn ọkọ̀ dúró.

"Wo iwájú rẹ," ni ó wí.

Àbúrò rẹ̀ pòṣé, ó kọjá.