Ẹni Tó Rán Apá Bàálù

Ìjókòó ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń rán. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Abẹ́rẹ́-ò-sinmi" ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí dókítà ní kó má tẹ ẹ̀rọ fún oṣù mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ fi eléyìí pa ìrònú rẹ́."

Eré bàálù ogun àtijọ́ ni, irú èyí tó ní apá méjì lórí ara wọn, tí wọ́n fi igi àti aṣọ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi já lulẹ̀ títí ó fi sú àwa tí à ń wò ó. Kò sú òun. Ó mú ìwé, ó ń kọ gbogbo ohun tó bá pa á sínú rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ tó jiná, kò sí ọ̀tá inú eré náà tó lè gba ẹ̀yìn yọ sí i mọ́.

Lọ́dún kejì, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ wíwa bàálù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tún irú bàálù yẹn ṣe, wọ́n ń wá ẹni tí yóò rán aṣọ mọ́ egungun apá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ rán an, ó ń fi ìda pa òwú.

Lọ́jọ́ kan ó bi bàbá náà pé, "Ọ̀gá, bí ẹ bá yí i sọ́tùn-ún, ṣé imú rẹ̀ kì í fẹ́ wọlẹ̀?"

Bàbá náà dáwọ́ dúró. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ó ti pa mí nígbà mọ́kànlélógójì nínú eré kọ̀ǹpútà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò parọ́. Odindi ẹ́ńjìnnì ló ń yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ iwájú, òun ló ń fà á. Ẹ máa bá mi gòkè."

Àárọ̀ Sátidé kan lẹ́yìn tí bàálù náà parí ni wọ́n gbéra, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn, níbi tí ọ̀pá ìdarí kejì wà. Nígbà tí wọ́n dókè, bàbá náà na ọwọ́ méjèèjì sókè kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí i pé ọwọ́ òun ni bàálù wà báyìí. Eré kò kọ́ ọ ní òtútù, kò kọ́ ọ ní òróró tí ẹ́ńjìnnì ń tu síni lójú. Ó yí i sọ́tùn-ún, imú fẹ́ rì. Kó tó ronú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti tẹ pẹ́dà tó ń darí ìrù, bó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, imú sì gbé padà. Ó wo apá bàálù. Aṣọ tó rán le tantan, ojú abẹ́rẹ́ kan ò là.

Bàbá ló gbé e balẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, ó tún lọ fọwọ́ pa aṣọ apá náà. Mo bi í bóyá ẹ̀rù bà á.

"Ó bà mí. Nínú eré, mo lè kú kí n tún dìde. Lókè yẹn, èmi ni mo rán ohun tó gbé wa dúró."

Oṣù tó tẹ̀lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàálù wíwà, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Olùkọ́ rẹ̀ kò ju ọmọ rẹ̀ lọ. "Mọ́mì" ló ń pè é, bó bá sì ṣe àṣìṣe, á bá a wí gidi. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá," á sì tún un ṣe.