Ìdọ̀bálẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Káńsù

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì mọ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja rí ní gbọ̀ngàn káńsù, tòun ti kóòtù àti táì, níwájú ọkùnrin tí ìlú rán mi láti bi léèrè.

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ di kánsẹ́lọ̀ ní Peckham, nílùú òyìnbó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Mo ra kóòtù tuntun, mo ń dúró níwájú dígí, mo ń kí ara mi. Ìyàwó mi á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, olórí ìjọba. Pàǹtírí ti kún." Àwọn ará àdúgbò dìbò fún mi, wọ́n tún dìbò, títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tí káńsù wá fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn aláṣẹ wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ wa kò ju kí èèyàn máa bèèrè ohun kan náà títí wọn yóò fi dáhùn.

Ohun tí mò ń bèèrè nígbà náà ni lífítì kan. Mọ́mì kan, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ń gbé lókè téńté ilé gogoro káńsù kan nítòsí Peckham Rye. Orúnkún wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, lífítì náà sì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà òtútù títí ewé fi tún yọ, wọn ò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, wọn ò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní, "Kánsẹ́lọ̀, mi ò ní kí ẹ gbé mi dé ọ̀run. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mò ń lọ."

Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé gbígbé ní káńsù ló yẹ kó dáhùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, ilé wọn ní Brockley ni mo sùn, inú ìkòkò wọn ni mo ti ń jẹun. Mo sọ fún alága wa, obìnrin òyìnbó kan. Ó ní ṣé ìyá kan náà ló bí wa. Mo ní rárá. Ó ní kò sí ìṣòro nígbà náà. Òyìnbó ò mọ̀ pé ìṣòro ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ Yorùbá wo ló máa na ìka sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbangba? Mo bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, mo ní ẹ ṣé, sà. Ìpàdé mìíràn dé, bákan náà la tún ṣe é. Ìgbìmọ̀ wá ń jiyàn lórí ọ̀dà tí wọn máa fi kun ẹnu ọ̀nà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nígbà tí a tún pàdé, mo dìde, mo rìn lọ síwájú tábìlì ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Alága rò pé mo dákú ni, ó ní kí wọ́n sáré bu omi wá. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló mọ ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ sínú máíkì: "Ó tó, dìde. Kí lo fẹ́ bá mi fà?"

Mo gbọn táì mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kí yín tán. Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi." Mo wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì: ìgbà wo ni lífítì yẹn máa ṣiṣẹ́?

"A ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀."

"Ta ló ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, sà?"

"Àwọn agbaṣẹ́ṣe. Irin kan ló kán, òun ni wọ́n ń dúró dè."

"Ta ló ránṣẹ́ ra irin náà?"

Ẹ̀gbọ́n wo àwọn ọmọ abẹ́ wọn. Àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé. Mi ò jókòó.

"Kò tíì sí ẹni tó ránṣẹ́ rà á," ni wọ́n wí níkẹyìn.

Títí dòní ni mo ṣì wà lórí àga kánsẹ́lọ̀ yẹn. Àwọn kánsẹ́lọ̀ tuntun máa ń bi mí bí wọ́n ṣe ń bi àgbà léèrè. Mo máa ń ní kí wọ́n kí i dáadáa, kí wọ́n má sì jókòó.

Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà, mo gbà pé mo ti pàdánù ẹ̀gbọ́n. Àfi bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tí agogo ẹnu ọ̀nà mi dún. Ẹ̀gbọ́n ni. "Wọ bàtà. Mú mi lọ kí ìyá yẹn." Nígbà tí a dé ilé gogoro náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Àwàdà la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, èémí nìkan ló kù. A ò tíì dé ìdajì tí ẹ̀gbọ́n fi jókòó, tí wọ́n tú bọ́tìnnì ọrùn wọn. Mo ní ká padà. Wọ́n mi orí, wọ́n yọ fóònù, wọ́n sọ fún ọ́fíìsì wọn pé irin yẹn gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀. Wọ́n wo àtẹ̀gùn tó kù lókè, wọ́n wò mí.

"Ìbéèrè tí o bi mí lánàá," ni wọ́n wí, "kò le tó."